Fúláàṣì àkọ́kọ́ kì í ṣí, èkejì ń ṣí: ibi tí ó yẹ kí a wò lórí kọ̀ǹpútà Debian

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní ilé ìtẹ̀wé kékeré kan ní Kubwa, níhìn-ín ní Abuja, àwọn agùnbánirọ̀ tó ń ti àgọ́ wọn bọ̀ sì pọ̀ nínú àwọn oníbàárà wa. Nítorí pé fáírọ́ọ̀sì inú fúláàṣì wọn ń ba Windows wa jẹ́ ṣáá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bá mi fi Debian tó ní ojú Xfce sórí kọ̀ǹpútà orí tábìlì wa. Láti ìgbà náà, bí a bá ki fúláàṣì oníbàárà bọ ẹ̀rọ, kì í ṣí fúnra rẹ̀. Bí a bá sì tẹ àwòrán rẹ̀, ẹ̀rọ á kọ ọ́ síta pé “wrong fs type, bad option, bad superblock on /dev/sdb1”. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ìyẹn sílẹ̀ nínú ihò rẹ̀, tí a sì fi fúláàṣì mìíràn sí ihò kejì, ti èkejì á ṣí wẹ́rẹ́. Èyí tó tún yà mí lẹ́nu ni pé nígbà tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wa ńlá, èyí tó ní ojú káàdì lára, bá wà ní títàn, gbogbo fúláàṣì ló ń ṣí. Ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ní kí a máa fọ́máàtì wọn. Atúnkọ̀ǹpútàṣe kan ní kí n pààrọ̀ mọ́dábọ́ọ̀dù. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn

Màmá, ẹ má fọ́máàtì fúláàṣì ẹnikẹ́ni, ẹ má sì náwó sórí mọ́dábọ́ọ̀dù. Ohun méjì tí ẹ kọ yẹn, pé èkejì ń ṣí nígbà tí àkọ́kọ́ kò ṣí, àti pé gbogbo wọn ń ṣí nígbà tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bá wà ní títàn, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dárúkọ àìsàn náà tán. Fúláàṣì tó bàjẹ́ kò ní mọ̀ bóyá òun ló kọ́kọ́ wọlé tàbí òun ló wọlé ṣìkejì. Bí ó bá sì jẹ́ ihò USB ló bàjẹ́, kọ̀ǹpútà kò ní lè pe orúkọ sdb1 tó wà nínú ìkìlọ̀ yẹn rárá, nítorí pé kí orúkọ yẹn tó lè jáde, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ ti bá fúláàṣì náà sọ̀rọ̀, kó sì ti ka ohun tó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Orúkọ ni ìṣòro yìí ń tẹ̀ lé kiri, kò tẹ̀ lé fúláàṣì, kò sì tẹ̀ lé ihò. Nítorí náà, ohun tí mo kọ́kọ́ ń fura sí ni ìlà kan nínú fáìlì tí wọ́n ń pè ní fstab, tó ti fi orúkọ sdb1 sílẹ̀ fún ohun mìíràn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí orúkọ náà ṣe ń wáyé. Nígbà tí dírafù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, Linux, tí Debian yín jẹ́ irú rẹ̀ kan, ń fún un ní lẹ́tà gẹ́gẹ́ bí àwọn dírafù ṣe ń dé tẹ̀ lé ara wọn. Dírafù inú kọ̀ǹpútà yín ti wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ tan ẹ̀rọ, nítorí náà òun ni sda. Fúláàṣì tó bá kọ́kọ́ dé lẹ́yìn rẹ̀ a di sdb, èyí tó bá tẹ̀ lé e a di sdc, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì máa lọ. Nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn lẹ́tà ń tọ́ka sí ìpín tó wà lórí dírafù náà, sdb1 sì ni ìpín àkọ́kọ́ lórí sdb. Bí ẹ bá yọ fúláàṣì kan kúrò, lẹ́tà rẹ̀ a ṣófo, èyí tó bá dé lẹ́yìn rẹ̀ a sì gbà á. Ìdí nìyí tí ó fi dà bí ẹni pé fúláàṣì gbogbo ayé ni kò dára: ọ̀kọ̀ọ̀kan ni àwọn oníbàárà ń wá, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ẹ ń ki fúláàṣì wọn bọ ẹ̀rọ, gbogbo wọn ló sì ń bọ́ sórí orúkọ kan náà.

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yín ni ẹlẹ́rìí tí mo gbẹ́kẹ̀ lé jù. Dírafù ni ojú káàdì tó wà lára rẹ̀ jẹ́ lójú kọ̀ǹpútà, yálà káàdì wà nínú rẹ̀ tàbí kò sí. Bí ẹ bá ti tan ẹ̀rọ ìtẹ̀wé náà kí oníbàárà tó dé, ojú káàdì yẹn á ti gba lẹ́tà sdb. Kò ní sí sdb1, nítorí pé kò sí káàdì níbẹ̀ tí a lè rí ìpín lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́tà ti lọ, fúláàṣì oníbàárà a sì wá di sdc1, orúkọ tí ẹnikẹ́ni kò fi sílẹ̀ fún nǹkan kan. Bí ó bá sì ti ṣẹlẹ̀ rí pé fúláàṣì kan ṣoṣo ṣí nígbà tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wà ní pípa, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ irú èyí tí kò ní ìpín rárá, tí wọ́n kọ ètò fáìlì rẹ̀, ìyẹn ọ̀nà tí a gbà to fáìlì sórí dírafù, tààrà sórí gbogbo dírafù. Irú èyí ń jẹ́ sdb lásán, ìlà tó ń dá sdb1 dúró kò sì kàn án.

Ní ti bí ìlà náà ṣe dé ibẹ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n yín kò ṣe ohun tó burú. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ orí fúláàṣì ni ó ti fi Debian sí ẹ̀rọ, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń ṣe nísinsin yìí tí kọ̀ǹpútà tuntun kò ní ojú CD mọ́. Lórí àwọn ẹ̀yà Debian kan, ètò ìfisórí-ẹ̀rọ máa ń ka fúláàṣì tí ó ti wá gẹ́gẹ́ bí CD, ó sì máa ń kọ orúkọ tí fúláàṣì náà ń jẹ́ lọ́jọ́ yẹn sínú /etc/fstab, níbi tí ìwé àkọsílẹ̀ àwọn dírafù ẹ̀rọ wà. Wọ́n yọ fúláàṣì náà, wọ́n gbé e lọ, ìlà náà wà níbẹ̀ títí di òní. Báyìí ló máa ń rí:

/dev/sdb1 /media/cdrom0 udf,iso9660 user,noauto 0 0

Ohun tí ìlà yìí ń sọ ni pé ohunkóhun tó bá ń jẹ́ sdb1, kí a so ó mọ́ fódà /media/cdrom0, kí a sì kà á gẹ́gẹ́ bí udf tàbí iso9660, èyí tí í ṣe ètò fáìlì orí CD àti DVD. Fúláàṣì àwọn oníbàárà yín kì í ṣe CD. Vfat, exfat tàbí ntfs ni ètò fáìlì orí wọn. Kí udisks, ìyẹn ètò tó ń so dírafù mọ́ fódà lórí Linux, tó ṣe ohunkóhun, ó máa ń wo fstab. Bí ó bá bá orúkọ dírafù náà níbẹ̀, ohun tí fstab wí ni yóò ṣe. Ó gbìyànjú láti ka vfat bí CD, kernel, ìyẹn ọkàn Linux fúnra rẹ̀, dá a lóhùn pé irú ètò fáìlì yìí kọ́ ló wà níbí, òun náà sì gbé èsì yẹn wá bá yín bó ṣe rí: wrong fs type. Òótọ́ ni ìkìlọ̀ náà sọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ ṣí tẹ́mínà, ìyẹn fèrèsé tí a ti ń tẹ àṣẹ fún ẹ̀rọ, kí ẹ tẹ àṣẹ yìí:

grep -n sd /etc/fstab

Ìlà tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àmì # kò níṣẹ́ kankan. Ẹ fojú fò ó. Èyí tí a ń wá ni ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú /dev/sdb1 fúnra rẹ̀. Ẹ tún lè rí irú mìíràn, tí wọ́n kọ /media/usb0 àti “auto” sínú rẹ̀ dípò cdrom0 àti iso9660. Ti irú yẹn kò le tó báyìí, nítorí pé fúláàṣì yóò ṣí bí a bá tẹ̀ ẹ́, àmọ́ inú fódà usb0 ni yóò máa lọ dípò ibi tí orúkọ rẹ̀ yóò ti hàn. Oògùn kan náà ló ń wo méjèèjì.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan fáìlì náà, ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ pa mọ́, lẹ́yìn náà kí ẹ wá ṣí i:

sudo cp /etc/fstab /etc/fstab.bak
sudo nano /etc/fstab

Ẹ fi àmì # sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà sdb1 yẹn nìkan. Ẹ mú Ctrl mọ́ O, kí ẹ tẹ Enter láti fi í pa mọ́, kí ẹ sì mú Ctrl mọ́ X láti jáde. Mo sọ pé ìlà yẹn nìkan nítorí pé àwọn ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú UUID, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí kì í yí padà bí lẹ́tà ṣe ń yí, ni ẹ̀rọ yín fi ń dìde láàárọ̀. Bí ẹ bá ba ọ̀kan nínú wọn jẹ́, kọ̀ǹpútà lè kọ̀ láti dé ojú ibi tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́, yóò sì dúró sójú dúdú tó ń béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà. Fún ìdí yìí ni n kò fi fẹ́ kí ẹ pa ẹ̀rọ náà kí ẹ tó yẹ fáìlì wò:

sudo findmnt --verify
sudo systemctl daemon-reload

Bí àṣẹ àkọ́kọ́ kò bá sọ pé àṣìṣe wà, iṣẹ́ ti parí. Ẹ pa ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, kí ẹ yọ gbogbo fúláàṣì, kí ẹ sì ki ẹyọ kan bọ̀ ọ́. Ó yẹ kí ó wà lábẹ́ /media, nínú fódà tó ń jẹ́ orúkọ tí ẹ fi ń wọlé sórí ẹ̀rọ náà.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wo fstab tí ẹ kò rí irú ìlà bẹ́ẹ̀, tàbí tí fúláàṣì wá ń ṣí bí a bá tẹ̀ ẹ́ ṣùgbọ́n tí kì í ṣí fúnra rẹ̀, a ní láti tọ ipa ọ̀nà tí dírafù ń gbà. Ẹni tó bá ti lé ìwé kiri ní ilé iṣẹ́ ìjọba nílùú Abuja yìí mọ̀ pé fáìlì kì í sọnù lásán. Orí tábìlì ẹnìkan ló dúró sí, iṣẹ́ ẹni tó ń wá a sì ni láti mọ tábìlì wo. Tábìlì mẹ́rin ni fúláàṣì ń gbà kọjá. Kernel ló kọ́kọ́ ń gbà á, tó ń fún un ní lẹ́tà. Udev ló ń wo ètò fáìlì àti orúkọ tó wà lórí rẹ̀. Udisks2 ló ń so ó mọ́ fódà, lẹ́yìn tí ètò tó ń jẹ́ polkit bá ti sọ pé ẹni tó béèrè ní ẹ̀tọ́ sí i. Tábìlì kẹrin ni ojú iṣẹ́ tí ẹ ń lò, Xfce nínú ọ̀ràn tiyín. Òun ló ń rí i pé dírafù kan ti dé, tó sì ń sọ fún udisks2 pé kó so ó mọ́ fódà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan nǹkan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fẹ̀sùn kan tábìlì àkọ́kọ́ nígbà tó jẹ́ pé tábìlì kẹrin ló sùn.

Àṣẹ kan wà tó ń pín ọ̀nà yìí sí méjì, òun ni mo sì máa ń fẹ́ kí ènìyàn kọ́kọ́ tẹ̀. Ẹ fi lsblk -f wo orúkọ tí fúláàṣì ń jẹ́, lẹ́yìn náà, bí ó bá jẹ́ sdb1, ẹ tẹ:

udisksctl mount -b /dev/sdb1

Ẹ má fi sudo sí i níwájú, nítorí pé ohun tí a fẹ́ mọ̀ ni bóyá ẹni tó jókòó sídìí ẹ̀rọ lè ṣe é láìjẹ́ alábòójútó. Bí fúláàṣì bá ṣí, tábìlì mẹ́ta àkọ́kọ́ kò ní ẹ̀ṣẹ̀. Xfce ni ẹ ó bi léèrè. Bí kò bá ṣí, ìkìlọ̀ tó máa jáde yóò kún ju èyí tó ń hàn nínú fèrèsé kékeré lọ.

Ní ti Xfce, ètò tó ń jẹ́ thunar-volman ló ń ṣe iṣẹ́ náà, ó sì nílò ohun mẹ́ta tí ó rọrùn láti pàdánù. Àkọ́kọ́ ni pé kí ó wà lórí ẹ̀rọ pẹ̀lú gvfs, nítorí pé ẹni tó bá fi Debian sórí ẹ̀rọ lọ́nà tó fẹ́ kí ó fúyẹ́ lè ti fi ọ̀kan nínú wọn sílẹ̀. Láìsí gvfs, ẹ lè má rí àwòrán fúláàṣì rárá. Àṣẹ yìí yóò fi wọ́n sí i bí wọn kò bá sí:

sudo apt install thunar-volman gvfs gvfs-backends udisks2

Èkejì ni pé kí Thunar, ètò tí a fi ń wo fáìlì lórí Xfce, máa ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀, bí ẹ kò tilẹ̀ ṣí fèrèsé rẹ̀. Bí ẹnìkan bá ti yọ ọ́ kúrò nínú àwọn ètò tó ń dìde pẹ̀lú ẹ̀rọ kí ẹ̀rọ lè yára, fúláàṣì kò ní ṣí fúnra rẹ̀ mọ́. Thunar --daemon ni àṣẹ tó ń gbé e dìde. Ẹ̀kẹta ni àmì tó yẹ kí ẹ tẹ̀ nínú Settings, ní ibi tí wọ́n kọ “Removable Drives and Media” sí. Ìlà méjì wà níbẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “Mount removable”. Ẹ fi àmì sí méjèèjì. Fún ẹni tó bá ń lo GNOME, ohun tó dọ́gba pẹ̀lú èyí ni gsettings set org.gnome.desktop.media-handling automount true. Lórí Cinnamon, ẹ fi cinnamon rọ́pò gnome nínú àṣẹ náà.

Nínú ojú ewé kan náà, ẹ ó rí ìlà tó sọ pé kí ètò inú dírafù máa ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀, “Auto-run programs”. Ẹ yọ àmì kúrò níbẹ̀, kí ó má sì padà síbẹ̀ láé. Kí dírafù ṣí fúnra rẹ̀ yàtọ̀ sí kí ohun tó wà nínú rẹ̀ ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀. Èkejì yìí ni ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ fáírọ́ọ̀sì fi ń ti orí fúláàṣì bọ́ sínú Windows àtijọ́, àwọn tí wọ́n ń pè ní Conficker ní 2008 wà lára wọn, òun náà ló sì mú kí Microsoft pa á fún fúláàṣì lórí Windows XP àti Vista ní 2011. Fáírọ́ọ̀sì Windows kò lè ṣiṣẹ́ lórí Debian yín, àmọ́ ẹ̀yin lè máa gbé e láti ara fúláàṣì oníbàárà kan dé ara ti ẹlòmíràn bí ẹ bá ń da fáìlì kọ láìwò.

Polkit kì í sábà fa wàhálà fún ẹni tó jókòó síwájú ẹ̀rọ. Ẹni tó bá wọlé láti ọ̀nà jíjìn, pẹ̀lú ssh fún àpẹẹrẹ, ni yóò máa béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà alábòójútó lọ́wọ́ rẹ̀, bí ó sì ṣe yẹ kí ó rí nìyẹn. Bí ọmọ ẹ̀gbọ́n yín bá ń ti ilé wo ẹ̀rọ náà, tó sì sọ pé fúláàṣì kọ̀ láti ṣí, ẹ má ka èyí mọ́ ìṣòro tí a ń sọ.

Ètò fáìlì fúnra rẹ̀ ni ibi tó kù tí ó gba kí a dúró díẹ̀, pàápàá lọ́dọ̀ ẹ̀yin tí dírafù oríṣiríṣi ń gba ọwọ́ yín kọjá. Àwọn dírafù ńlá tí àwọn ènìyàn ń kó fíìmù àti fọ́tò ìgbéyàwó sí sábà máa ń jẹ́ ntfs. Bí wọ́n bá fà á yọ kúrò lára Windows láìsọ fún un, tàbí tí iná lọ nígbà tó ń kọ nǹkan sórí rẹ̀, àmì kan á wà lórí rẹ̀ pé iṣẹ́ kò parí. Láti 2021, nígbà tí Linux 5.15 jáde, kernel ti ní awakọ̀ ntfs tirẹ̀, ìyẹn ètò tó ń bá a ka ntfs, tí wọ́n ń pè ní ntfs3. Bí ó bá rí àmì yẹn, yóò kọ̀, dmesg, àṣẹ tó ń fi ọ̀rọ̀ kernel hàn, yóò sì sọ pé “volume is dirty”. Ìdènà yẹn dára, nítorí pé kíkọ nǹkan sórí rẹ̀ ní ipò bẹ́ẹ̀ lè ba fáìlì oníbàárà jẹ́. Kí ẹ lè tẹ ìwé rẹ̀ jáde láìfọwọ́ kan dírafù náà, ẹ so ó fún kíkà nìkan:

udisksctl mount -b /dev/sdb1 -o ro

Àtúnṣe tó péye wà lọ́wọ́ Windows oníbàárà náà, pẹ̀lú chkdsk /f. Àṣẹ ntfsfix wà lórí Linux lóòótọ́, ó sì lè pa àmì náà rẹ́, ṣùgbọ́n kì í tún gbogbo ohun tó bàjẹ́ ṣe, n kò sì gbà pé kí ẹ lò ó sórí dírafù tí kì í ṣe tiyín. Ẹ tún rántí pé láti Windows 8 ni ètò Fast Startup ti wà, èyí tó ń mú kí Windows sùn díẹ̀ nígbà tí ènìyàn rò pé òun ti pa á. Ẹni tó bá ń lo kọ̀ǹpútà tó ní Windows àti Linux papọ̀ yóò rí i pé ìpín Windows rẹ̀ kò gba kíkọ láti Linux títí tí yóò fi pa Windows pátápátá, bóyá nípa mímú Shift mọ́lẹ̀ nígbà tó bá ń tẹ Shut down.

Káàdì kámẹ́rà àti ti fóònù tó bá ju GB 32 lọ sábà máa ń jẹ́ exfat. Debian 10 ti 2019, tó ń lo kernel 4.19, kò lè kà á láìfi exfat-fuse sí i. Láti Debian 11 ti 2021, kernel fúnra rẹ̀ ń kà á. Bí fúláàṣì kékeré bá ń ṣí tí káàdì ńlá kò sì ṣí, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Iná àti eruku ni yóò kẹ́yìn, torí pé àmì tiwọn yàtọ̀ pátápátá sí tiyín. Ihò USB 2.0 lè fún dírafù ní iná tó tó mA 500, ti USB 3.0 lè fún un ní mA 900. Dírafù tó ní àwo tó ń yí nínú rẹ̀ lè nílò ju èyí tí ihò iwájú kọ̀ǹpútà orí tábìlì ń rí gbà lọ, nítorí pé wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ ló so ihò iwájú mọ́ bọ́ọ̀dù. Eruku ọyẹ́ tó ń wọ gbogbo nǹkan láàárín oṣù kọkànlá sí oṣù kejì níhìn-ín sì máa ń kó sínú ihò iwájú yìí kan náà. Bí sudo dmesg -w bá ń kọ error -71 tàbí error -110 nígbà tí ẹ fi dírafù sí i, tí kò sì dá sdb kankan sílẹ̀, ẹ gbé dírafù lọ sí ihò ẹ̀yìn, kí ẹ sì pààrọ̀ wáyà rẹ̀ kí ẹ tó wá ìdí mìíràn. Fóònù kò sí nínú gbogbo èyí. Fóònù Android òde òní kì í fi ara rẹ̀ hàn bí dírafù, MTP, èdè tí fóònù fi ń fi fáìlì ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà, ló ń sọ, gvfs-backends ló sì ń gbọ́ ọ, nítorí náà kò ní sí nínú lsblk láé.

Ẹ sọ fún ọmọ tó ń bá yín ṣiṣẹ́ pé fífọ́máàtì kò lè wo ìlà inú fstab sàn, bí ó tilẹ̀ ṣe é fún gbogbo fúláàṣì tó wà ní Kubwa. Ìwé ìpè agùnbánirọ̀ tàbí iṣẹ́ àṣekágbá akẹ́kọ̀ọ́ ló máa pa rẹ́, ìkìlọ̀ kan náà ni yóò sì tún bá pàdé ní ìṣẹ́jú tó tẹ̀ lé e. Kí ó sì máa tẹ àmì ìyọkúrò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ fúláàṣì nínú Thunar kí ó tó fà á yọ: Linux máa ń fi ohun tí a dà kọ sínú ìrántí ẹ̀rọ fún ìgbà díẹ̀ kó tó kọ ọ́ sórí fúláàṣì, nítorí náà, pé fèrèsé ìdàkọ ti parẹ́ kò túmọ̀ sí pé fáìlì ti dé ibi tó ń lọ.

Bí ẹ bá ní dírafù tiyín tí ẹ fẹ́ kí ó máa wà lára ẹ̀rọ nígbà gbogbo fún ìpamọ́, ìyẹn ni a lè kọ sínú fstab, ṣùgbọ́n UUID rẹ̀ tí lsblk -f fi hàn ni kí a fi kọ ọ́, kí a má fi lẹ́tà sdb, kí a sì fi “nofail” sí i kí ẹ̀rọ lè dìde ní ọjọ́ tí dírafù náà kò bá sí níbẹ̀.

Bí nǹkan kò bá yí padà lẹ́yìn tí ẹ ti fi àmì # sí ìlà náà, tàbí tí ìlà náà kò sí níbẹ̀ rárá, ẹ pa ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ẹ ki fúláàṣì kan ṣoṣo bọ kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì fi ohun tí àṣẹ mẹ́ta yìí kọ jáde ránṣẹ́ sí mi láìyọ ohunkóhun kúrò nínú rẹ̀:

lsblk -f
cat /etc/fstab
sudo dmesg | tail -n 30